Ọmọ Ègùn náà ní èdè abínibí

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ìfaradà àwa òǹkàwé tí a kì í jẹ́ kí ojú ewé lẹ́tà yín sinmi. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ti kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọdé, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, ni mo ti ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ. Inú ń bí wọn. Inú ń bí èmi náà. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà, kò sì sí kíláàsì kan tí mo mọ̀ tí wọ́n ti lò ó débi tí èèyàn á fi lè sọ pé ó dára tàbí kò dára, kí wọ́n tó dà á nù.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tó ń jáde ṣáá nínú lẹ́tà àwọn tí a jọ ń bínú. Wọ́n ní: ilẹ̀ Yorùbá nìyí, Yorùbá ni kí a fi kọ́ gbogbo ọmọ tó bá wà níbí. Ó dùn létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí. Ọkọ mi, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé wá sí ẹnubodè Sèmè, ló mú mi dé Àgbádárìgì, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, a ò padà sílé mọ́. Ilé ìwé ìjọba ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn ọlọ́dún mẹ́rin sí márùn-ún. Ìlànà ìjọba sọ pé ọmọ 25 ni kí olùkọ́ kan mójú tó. Ẹ má bi mí pé mélòó ni tèmi. Ẹni tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àwọn Ègùn ló pọ̀ jù, láti Àjárá àti láti àwọn abúlé etí ọ̀sà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó dé ilé ìwé. Àwọn Àwórì wà níbẹ̀, àti ọmọ àwọn Yorùbá àjèjì bíi tèmi. Ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò, ọmọ Hausa wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń ṣẹ́ owó Sẹfà ní bọ́dà. Ọ̀kan wà tí ìyá rẹ̀ wá láti Kútọnu, tó ń fi Faransé bá a wí, tó ń fi Ègùn rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìlú yìí kan náà ni ilé ìwé irú ti òyìnbó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 1843 ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá a sílẹ̀, Nursery of the Infant Church ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ibẹ̀ ni William de Graft àti ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Fante láti Cape Coast, ní Gánà òde òní, ni ọkùnrin náà. Ọmọ àwọn Sàró tó ti Freetown dé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jókòó síwájú wọn. Àwọn tó ń wá wo ilé alájà àkọ́kọ́ létí ọ̀sà, tí wọ́n ń ya fọ́tò, kì í sábà ro èyí. Èmi a máa rò ó: olùkọ́ jẹ́ àlejò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ jẹ́ ọmọ àlejò, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé, ọmọ Ègùn tó ni ilẹ̀ sì ń gbọ́ ariwo wọn láti ìta.

Gbogbo ẹni tó ń jà fún Yorùbá ló ń dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò ni o, sáyẹ́ǹsì ni o, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn níbì kankan, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Àmọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Kí ni iṣẹ́ náà fi hàn? Ó fi hàn pé ọmọ tí a bá fi èdè tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kọ́ á tètè lóye. Kò fi hàn pé oògùn kan wà nínú Yorùbá. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́. Ká ní Àjárá ni Fafunwa lọ, Ègùn ni ì bá lò. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1977 pàápàá, èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ló wí. Kò sọ pé èdè àwọn tó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀.

Mínísítà ní àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ló ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Èmi ò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìwé wo ni wọ́n tẹ̀ fún àwọn ọmọ náà lédè wọn? Olùkọ́ wo ni wọ́n kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń fi èdè náà ṣe ìṣirò? Àmọ́ àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ ti dá a lóhùn. Ti wa ni mo fẹ́ sọ, àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀rẹ́ èdè abínibí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan, ọmọkùnrin kékeré kan ń sunkún nínú kíláàsì tó múlé ti tèmi. Ohun tó ń sọ ni "òsìn, òsìn." Olùkọ́ rẹ̀, ọmọ Èkìtì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, kò ṣe ọ̀lẹ rárá. Ó gbé e jó, ó kọrin fún un, ó mú un lọ sílé ìtọ̀, ó wá bisikíìtì lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún un. Ẹkún ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí ìyá tó ń gbé oúnjẹ ìjọba wá fún àwọn ọmọ kọjá lójú fèrèsé ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, omi ló ń tọrọ lọ́wọ́ yín." Bisikíìtì fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ! Ìyá olóúnjẹ yẹn ò ní ìwé ẹ̀rí kankan, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ohun tí ọmọ ń sọ ní gbogbo ọgbà ilé ìwé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa ní Froebel, ará Jámánì tó dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní 1837. Wọ́n kọ́ wa ní Piaget àti Montessori, àwọn onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo rẹ̀ dára, ó sì ń wúlò fún mi títí dòní: ọmọ fi ọwọ́ kan nǹkan kó tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn dá mi lójú. Ẹnikẹ́ni ò sì bi wá léèrè rí pé ohun tí wọ́n ń pe omi ńkọ́ nílé ọmọ tí a fẹ́ lọ kọ́.

Ẹ ṣí rẹ́jísítà wò. Ọmọ tó ń jẹ́ Mautin nílé ti di Martin kó tó lo sáà kan tán, Setonji ti di Tony. Wọn kì í fi ipá ṣe é. Olùkọ́ á kàn ní, "Ṣé kò ní orúkọ tí a lè tètè pè ni?" Ìyá tó ń bẹ̀rù ilé ìwé á sì mú ọ̀kan wá. Mo ti rí ìbejì Ègùn tí wọ́n bí ní Zinsu àti Sagbo tí wọ́n kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé sílẹ̀ fún. Nígbà tí àbúrò wọn Dosu dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ yẹn kan náà, ó di Ìdòwú. Ojúure ni olùkọ́ náà rò pé òun ṣe. Ṣebí ìbejì ni wọ́n, ṣebí ẹni tó tẹ̀ lé ìbejì sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orúkọ ti wà lára wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí olùkọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá sọ Táíwò tiwa di Tyler, mo mọ irú lẹ́tà tó máa kún ojú ewé yìí.

Èébú náà ńkọ́? Yorùbá tó bá ń gbé Èkó mọ̀ ọ́n: Ègùn ni bírílà, Ègùn ni ọmọ ọ̀dọ̀, bí ẹnì kan bá múra tí kò bá àwọ̀ mu, a ní ó múra bí Ègùn. Àwọn ọmọ ń gbọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún kan nínú kíláàsì mi pe ẹnì kejì rẹ̀ ní "ọmọ ọ̀dọ̀ Kútọnu" nígbà tí wọ́n ń du bọ́ọ̀lù. N kò nà án, nítorí n kò lè na bàbá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ òǹkà ló kàn ní àárọ̀ yẹn, mo bá pe ọmọ tí wọ́n bú síwájú, mo ní kó wá ka àwọn àgbọn kéékèèké tó wà lórí tábìlì fún wa bí wọ́n ṣe ń kà á nílé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: dòkpó, àwè, àtọ̀n, ẹ̀nẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù gbè é. Wọ́n kà á títí ó fi di orin, ẹni tó bú u yẹn ló sì ń pariwo jù. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Ìgbò ní òun náà fẹ́ kà. Báyìí ni a ṣe ń ka nǹkan ní kíláàsì wa látìgbà náà, ọmọ kan lójúmọ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ìjọba ò sì ná kọ́bọ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ kí àwọn oníléèwé aládàáni gbọ́. Wọ́n fẹ́ràn ọjọ́ àwọ̀: lọ́sẹ̀ yìí gbogbo ọmọ á wọ búlúù, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹ́lò. Nígbà tó kan pupa ní ilé ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọbìnrin kan wọ funfun wá. Wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò tí wọ́n máa gbé sórí Facebook, wọ́n ní ìyá rẹ̀ kì í ka ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i. Ìyá náà kà á dáadáa. Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run Wá, tí a mọ̀ sí Sẹ̀lẹ́, ni wọ́n ń lọ, ìyẹn ìjọ tí Samuel Bilehou Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, lọ́jọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Òfin wọn ni pé ọmọ ìjọ kì í wọ pupa, kì í wọ dúdú, àfi bí iṣẹ́ bá sọ ọ́ di dandan fún un. Àjàṣẹ́ ò jìnnà sí wa. Lọ́jọ́ Àìkú, sùtánà funfun àti ẹsẹ̀ lásán ló ń kún títì Àgbádárìgì. Ta ni kò rí wọn? Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mọ pupa, tòmátò wà, ata rodo wà, epo pupa wà nínú ìgò, kò dìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn.

Èyí tó le jù ni ti Sàngbétò. Ọmọ kan fi kéréyọ̀nù ya òkìtì kan tó rí bí ahéré, ó fi àwọ̀ oríṣiríṣi là á láti òkè délẹ̀, ó ní ó ń pòòyì. Ẹni tó bá ti gbé ìlú wa mọ̀ ọ́n lójú kan: ọdẹ òru àwọn Ègùn ni, nínú aṣọ ìko rẹ̀. Bàbá ọmọ náà wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Olùkọ́ rẹ̀, obìnrin tó fẹ́ràn ọmọdé gan-an, ìyàwó pásítọ̀, gba ìwé náà, ó fà á ya, ó ní a kì í ya èṣù ní ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn láàárín àwa olùkọ́ ní yàrá ìjókòó wa, a ò sì tíì fẹnu kò lé e lórí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo máa sọ fún ẹ̀yin náà. Ìdílé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí. N kì í lọ wo Sàngbétò, n kò sì ní kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní bí wọ́n ṣe ń bọ ọ́. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ni mò ń gbà, wọn ò rán mi wá wàásù. Ọmọ ọlọ́pàá a máa ya ọlọ́pàá. Ọmọ apẹja a máa ya àwọ̀n. Ọmọ yìí ya ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò rẹ̀ lóru, tí bàbá rẹ̀ ń bá rìn. Bí a bá pe bàbá ọmọ ní èṣù lójú rẹ̀ láàárọ̀, kí ni a fẹ́ kó kọ́ lọ́wọ́ wa lọ́sàn-án?

Ọ̀rọ̀ ìkíni ò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ Yorùbá kúnlẹ̀ tàbí ó dọ̀bálẹ̀, ọmọ Hausa lóṣòó, ọmọ Ìgbò dúró gbọnrangandan, ó fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, ó ní "Good morning, Auntie." Ẹ ó sì gbọ́ tí olùkọ́ Yorùbá á pariwo pé, "Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Wọ́n kọ́ ọ nílé. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe yẹn. Mo máa ń kọ́ gbogbo ọmọ mi ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, torí wọ́n máa bá àgbà Yorùbá pàdé lọ́jà Agbálàtà, mo fẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀bùn àti àdúrà níbẹ̀ bí àwọn ọmọ yòókù. Kíkọ́ ọmọ ní tuntun yàtọ̀ sí kí a bú ìyá rẹ̀. Ojú náà ńkọ́? Ọmọ tí a tọ́ nílé àgbà kì í tẹjú mọ́ àgbà. Àwọn ìwé tí wọ́n ń tà fún wa láti òkè òkun sì ní ọmọ tí kò bá wo ojú olùkọ́, kí a fura pé nǹkan ń ṣe é. Àwọn tó kọ ìwé yẹn ò dé Ìṣẹ́yìn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ń fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, ẹ kọ́ ọ. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, àwa Yorùbá la sì ń pa wọ́n pọ̀.

Ní àkókò oúnjẹ, àwọn ọmọ á ṣí fúlásíkì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàṣípààrọ̀, n kò sì ní dá wọn lẹ́kun, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń di ọ̀rẹ́. Àmíwó, ìyẹn òkèlè àgbàdo pupa tí àwọn Ègùn ń fi tòmátò àti òróró rò, á kọjá sọ́dọ̀ ọmọ Ìgbò. Wàìnà ọmọ Hausa á ti tán kó tó tọ́ ọ wò. Àmọ́ àwọn ará etí ọ̀sà ń sin ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́, Mùsùlùmí kì í sì í jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Èèwọ̀ ìdílé tún wà níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́rin ò lè ṣàlàyé. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò sọ fún un?

Ọjọ́ Àṣà ni kí n tètè sọ kọjá, torí ó ń rẹ̀ mí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a ó yá aṣọ òkè, a ó yá fìlà, a ó jó. Ní ilé ìwé aládàáni kan lójú ọ̀nà Èkó, wọ́n pín "ẹ̀yà" fún àwọn ọmọ kí wọ́n ṣe eré. Ẹni tó ṣe Yorùbá wọ adé, ó jókòó sórí àga. Ẹni tó ṣe Hausa gbé àpótí ìdán bàtà, wọ́n ní kó máa dán bàtà ọba. Àwọn òbí tó jẹ́ Hausa jókòó síbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí àlejò ṣe ń pàtẹ́wọ́. Kò sí Ègùn nínú eré náà rárá, ní Àgbádárìgì!

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa wí. Wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ kí olùkọ́ kan gbọ́ èdè mẹ́fà ni. Rárá, èmi pàápàá, Ègùn mi ò ju ti ọjà lọ. Wọ́n á tún ní ọ̀rọ̀ yìí á dín agbára Yorùbá kù nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ gbé e mì. Òfin wà tó ń ṣọ́ Yorùbá l'Ékòó: èyí tí Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí ní oṣù kejì ọdún 2018 ní kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Mo fara mọ́ òfin náà, ọmọ Ègùn á sì gbọ́ Yorùbá, bí bàbá rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún Àbújá pé ìkà ni kí a fi èdè àjèjì pàdé ọmọ ọdún mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, a ò lè yí padà kí a fi tiwa pàdé ọmọ ẹlòmíràn níbẹ̀, kí a sì pè é ní àṣà. Rédíò Èkó ń gbé ètò jáde lédè Ègùn. Kí ló dé tí kíláàsì Àjárá ò lè ṣe é?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa ò wọ́n. Fọ́ọ̀mù tí òbí ń kún tí ọmọ bá fẹ́ wọlé béèrè orúkọ, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́ta kún un. Èdè wo ni ẹ fi ń rẹ ọmọ yìí lẹ́kún? Ta ló ń tẹ́ ẹ sùn? (Torí lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá àgbà ni, kì í ṣe ẹni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.) Kí ni kì í jẹ, kí ni kì í wọ̀? Kí wọ́n sì kọ fọ́ọ̀mù náà ní Yorùbá àti Ègùn, kí ẹnì kan wà ní tábìlì tó lè kún un fún ìyá tí kò mọ̀wé. Nípa olùrànlọ́wọ́ kíláàsì tí wọ́n ń ṣèlérí fún wa, ẹ má wulẹ̀ fi mọ́tò kó wọn láti Ìkẹjà. Àwọn obìnrin wà ní Àjárá tó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà mẹ́je dàgbà, tí wọ́n gbọ́ Ègùn àti Yorùbá. Ẹ gbà wọ́n, ẹ san owó fún wọn lásìkò. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì sì lè sọ ọ́ di ara ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ọmọ tó fẹ́ kọ́, kó jókòó níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ náà wọlé.

Sí ẹ̀yin tìkára yín, Ọ̀gá Olóòtú. Bí ẹ bá ń tẹ àlọ́ fún àwọn ọmọdé, Ìjàpá tiwa ni. N kò sọ pé kí ẹ lé e lọ. Ṣùgbọ́n àwọn Ègùn ní Ìjàpá tiwọn, Logozo ni wọ́n ń pè é. Àwọn Ìgbò ní Mbe. Àwọn Hausa ní Gizo aláǹtakùn, ìbátan Ananse tí àwọn ará ìlú de Graft fi ń pa ìtàn. Ìyá olóúnjẹ wa ti gbà láti pa ọ̀kan nínú ti Logozo fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti fọ ìkòkò rẹ̀ tán. Màá kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ Ègùn á bá mi kọ orin inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Mo fẹ́ mọ iye ọ̀rọ̀ tí ojú ewé yín lè gbà, àti bóyá àwọn atẹ̀wé yín ní gbogbo lẹ́tà tí Ègùn ń lò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan,
Àgbádárìgì, Ìpínlẹ̀ Èkó.